Ohun Tó Sá Sẹ́yìn Bọ́ńpà Fadékẹ́

Fadékẹ́ kì í fẹsẹ̀ kan okùn nílẹ̀. Bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ lé bá já ní àgbàlá, ẹlòmíràn ló máa ń bá a ká a nílẹ̀. Bí Success ọmọ rẹ̀ bá ń fa bẹ́líìtì bàbá rẹ̀ kiri láti fi ṣeré, igbe tí ìyá rẹ̀ máa ké á mú kí àwọn ará ilé kejì yọjú lójú fèrèsé. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, Ajégúnlẹ̀ etí odò Ògùn tó wà nítòsí Owódé Onírin ni mò ń wí o, kì í ṣe ti Apápá, wọn kì í fi í ṣe ẹ̀sín, torí wọ́n mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ti Fadékẹ́ tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kì í ṣe òun ni ejò bù jẹ, bàbá rẹ̀ ni.

Abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ní oko kòkó. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí Fadékẹ́ ṣì kéré débi pé ife omi mímu nìkan ni wọ́n ń gbé fún un lọ́nà oko, bàbá bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ìdí igi kan láti mú èso kòkó tó bọ́ sáàárín ewé gbígbẹ. Paramọ́lẹ̀ tó ká sábẹ́ ewé náà bù ú lọ́wọ́ jẹ. Orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gbé e lé. Fadékẹ́ ń sá tẹ̀ lé wọn, ó ń pe bàbá, bàbá ń dáhùn. Nígbà tó yá, bàbá ò dáhùn mọ́, àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ náà ò sì dúró. Ohun tó kù sí i lójú ni ọwọ́ bàbá tó ń jù dìrọdìrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ó wú, ó dúdú bí ọwọ́ tí wọ́n kì bọ ìkòkò aró.

Nígbà tó dàgbà, ó wá sí Èkó lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Kẹ́tu. Ohun tó kọ́kọ́ wù ú nípa ìlú yìí ni pé títì wà, kọnkéré wà, igbó ò sí. "Ejò kì í gbé inú kọnkéré," ló máa ń wí. Ó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, kò mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ta búrẹ́dì ní Mile 12, ó fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fẹ́ Bọ̀wálé, ọmọ Abẹ́òkúta, wẹ́dà tó máa ń tẹ̀ lé àwọn kọntirakítọ̀ lọ sí Port Harcourt, tó jẹ́ pé ó máa ń pẹ́ kó tó wálé. Ibi tí agbára wọn ká ni yàrá méjì nínú ilé Bàbá Adékọ̀yà ní Ajégúnlẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n kó débẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ, ó mọ́ tónítóní. Kò sẹ́ni tó sọ fún Fadékẹ́ pé bí òjò bá pọ̀ jù, odò fúnra rẹ̀ máa ń wá kí wọn nílé, kì í sì í dá wá.

Bọ̀wálé ló ra mọ́tò náà, Passat tokunbo kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní wágónì. Kò sí nílé láti lò ó, nítorí náà Fadékẹ́ kọ́ ọkọ̀ wíwà, ó sì fi í ṣiṣẹ́. Àwọn ìyá tó ń tètè jáde lọ sọ́jà ní Ajégúnlẹ̀ àti Owódé ń fi ọmọ wọn lé e lọ́wọ́, á kó wọn lọ sí iléèwé kan ní Ìkòsí, á sì lọ kó wọn wálé lọ́sàn-án. Iṣẹ́ yìí mọ́ ọn lọ́wọ́. Kì í sáré, kì í bá awakọ̀ jà, ó mọ ọmọ tí èébì máa ń gbé, ó mọ èyí tí kò jẹun kó tó jáde. Gbogbo wọn ń pè é ní Mummy Success.

Lọ́dún 2007, lẹ́yìn àwọn òjò ńlá kan, odò Ògùn kún. Ó wọ àgbàlá ní ìdájí, ó wọ yàrá kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì sórí búlọ́ọ̀kù. Passat dúró nínú omi tó dé ìdajì táyà rẹ̀ kí àwọn géńdé tó bá a tì í gòkè lọ sẹ́bàá títì. Ó pẹ́ kí omi tó fà. Nígbà tó fà tán, ẹrẹ̀ ló kù, ọ̀pọ̀lọ́ ló kù, ejò sì kù pẹ̀lú. Wọ́n pa ọ̀kan nínú ilé ìwẹ̀. Wọ́n pa òmíràn lábẹ́ bẹ́ńṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fadékẹ́ da kẹrosíìnì yí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ká, ó fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì ń fi tọ́ọ̀ṣì wo inú bàtà kó tó wọ̀ ọ́. Ibi gbogbo ló wò. Kò ronú kan mọ́tò.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni. Àwọn ọmọ kún inú Passat, wọ́n ń kọrin. Joanna, ọmọ Clara tó ń ta próvíṣọ̀nù ní Owódé, ló jókòó níwájú, torí òun ni èébì máa ń gbé. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀nà Ìkòsí, níbi tí kòtò olómi kan wà, Fadékẹ́ tẹ bíréèkì kí ọkọ̀ lè rọra wọ inú rẹ̀. Ọkọ̀ mì jìgìjìgì. Joanna na ìka síwájú.

"Mummy Success, ẹ wo róbà yẹn. Ó ń rìn."

Fadékẹ́ wò ó. Láti ojú àlàfo tó wà láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti iná iwájú, nǹkan dúdú kan tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ ọmọdé ń yọ jáde, ó ń dán. Ó gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀, ó dojú kọ gíláàsì. Ahọ́n rẹ̀ yọ, ó tún wọlé. Ó dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ ẹni tó gbé òun wá síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí orí padà, ó sì ń fà wọlé díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí okùn ṣòkòtò ń sá wọ inú ìgbátí.

Ara Fadékẹ́ kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí bíréèkì, kò mọ̀ pé òun lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ àwọn awakọ̀ ń fọn fèrè, àwọn ọmọ sì ń kọrin wọn lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń yí lórí rẹ̀: ihò wà láàárín iwájú ọkọ̀ àti ibi tí ẹsẹ̀ òun wà, waya ń gba ibẹ̀ kọjá, ibi tí waya sì lè gbà, ejò lè gbà á. Ó fẹ́ figbe ta. Ó rántí pé bí òun bá ké, àwọn ọmọ máa ṣílẹ̀kùn, wọ́n á bọ́ sójú títì. Ó gbé ohùn sílẹ̀.

"Ẹ máa kọrin yín lọ. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn."

Bó ṣe wa ọkọ̀ náà dé iwájú ilé epo kan, kò lè sọ. Ó pa á, ó sọ̀kalẹ̀, ó yípo lọ sẹ́yìn, ó ṣí bọ́ọ̀tì, ó sì ń fa àwọn ọmọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan gba ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló jìnnà sí iwájú jù. Joanna gun orí àga kọjá wá bá a. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rin ìyókù ọ̀nà dé iléèwé. Lẹ́nu géètì, tíṣà kan bi í pé ṣé kò sí o. Ó ní kò sí.

Rahmon mẹkáníìkì ló pè. Owódé Onírin ni ṣọ́ọ̀bù Rahmon wà. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ ni, ẹ̀rín ò sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó dé ilé epo náà, ó wo iwájú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Aunty, fánbẹ́ẹ̀tì ni. Fánbẹ́ẹ̀tì yín ló ti ya, òun ló ń ju ara rẹ̀ kiri."

"Rahmon, fánbẹ́ẹ̀tì ò ní ahọ́n."

"Oorun ló kù lójú yín, Aunty mi."

Ó wọlé, ó tan rédíò, ó wa Passat náà lọ sí Ajégúnlẹ̀. Fadékẹ́ gun ọ̀kadà tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọ̀kadà fi máa dé àgbàlá, Rahmon ti gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, ó ń súfèé, ó ń na ọwọ́ lọ síbi tí bẹ́ẹ̀tì wà. Súfèé náà dúró lójijì. Fadékẹ́ rí i tí ẹ̀yìn rẹ̀ le gan-an. Nǹkan kan ń yọ́ kọjá lẹ́bàá rádíétọ̀, ó gùn, kò tètè tán, ó sì wọ ẹ̀yìn bọ́ńpà lọ. Bí Rahmon ṣe dé orí fẹ́ǹsì, òun alára ò lè ṣàlàyé rẹ̀. Wọ́n kàn rí i tó jókòó sókè níbẹ̀ ni, sílípáàsì rẹ̀ kan wà nílẹ̀ lẹ́bàá táyà, àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ṣèbé ni!" ló ń pariwo. "Ṣèbé ni, Aunty! Ẹ má sún mọ́ ọn o! Ó máa ń tutọ́ sójú èèyàn!"

Kò pẹ́ tí àgbàlá fi kún. Bàbá Adékọ̀yà tó nilé jáde tòun ti ọ̀pá irin gígùn kan, àmọ́ ọ̀ọ́kán ló dúró sí. Damaris, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Fadékẹ́, kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ojú fèrèsé ló ti ń dá sí ọ̀rọ̀. Wọ́n da kẹrosíìnì gba iwájú ọkọ̀. Wọ́n da omi gbígbóná sí i. Rahmon ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì kó gbóná, bóyá ooru á lé e jáde, kò sì sọ̀kalẹ̀ wá tàn án. Ọ̀kan nínú àwọn géńdé ló na ọwọ́ gba ojú fèrèsé yí kọ́kọ́rọ́. Kò sí ohun tó jáde. Nígbà tí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì tí ariwo sì rọlẹ̀, wọ́n á gbọ́ nǹkan tó ń fara ha rọ́bà nínú lọ́hùn-ún, rẹ́rẹ́rẹ́, á sì tún dákẹ́.

"Èyí kì í ṣe ojú lásán," ni Damaris wí. "Nínú gbogbo mọ́tò tó wà ládùúgbò yìí? Mummy Success, ẹ jẹ́ kí wọ́n jó o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jó o lórúkọ Jésù!"

"Kí wọ́n jó mọ́tò tí epo wà nínú ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi?" ni Bàbá Adékọ̀yà fèsì. Ó yíjú sí Fadékẹ́. "Ìyá Success, gbọ́ mi. Mi ò bá ẹ jà. Àmọ́ mọ́tò yìí ò ní sùn nínú àgbàlá yìí. Bá mi gbé e jáde."

"Ta ló máa wà á, Bàbá?"

Olúkúlùkù ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ó pe Bọ̀wálé lórí fóònù. Ariwo irin ló gba gbogbo ibi tí ọkọ rẹ̀ wà. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó rìn kúrò nídìí ariwo náà kó tó fèsì.

"Fadékẹ́, fi mọ́tò yẹn sílẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi? Má sún mọ́ ọn. Mọ́tò ò tó nǹkan."

Ó ti rò pé ọkọ òun máa ní kí òun má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan mọ́tò náà ni. Ohùn Bọ̀wálé tó ń gbọ̀n ló wá fi kún ẹ̀rù tó wà nílẹ̀.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wo Passat náà. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ilẹ̀ á ṣú, ejò á jáde nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ta ni yóò mọ yàrá tó wọ̀? Ó lè jẹ́ ti Damaris. Ó lè jẹ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí Success ń sùn lé. Láti alẹ́ yìí lọ, ohunkóhun tó bá ti mì nínú òkùnkùn, òun náà ni. Ejò tó wà lẹ́yìn bọ́ńpà bà á lẹ́rù. Èyí tí kò ní mọ ibi tó wà bà á lẹ́rù ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Rahmon," ó pè é, "báwo ni wọ́n ṣe ń yọ bọ́ńpà?"

Rahmon wò ó láti òkè fẹ́ǹsì. "Aunty, ẹ má dán an wò."

"Ṣé o máa sọ̀kalẹ̀ wá yọ ọ́?"

"Ẹ má bínú, Aunty mi. Mo lọ́mọ."

"Èmi náà lọ́mọ. Sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́."

Ó wọlé lọ. Ó wọ bàtà òjò tó fi ń la omi kọjá nígbà tí odò kún. Ó mú ìbọ̀wọ́ awọ tí Bọ̀wálé fi ń jó irin, ó gùn dé ìgúnpá. Ó mú awò wẹ́dà rẹ̀ náà, nítorí itọ́ ṣèbé. Kò ronú nípa dúdú gíláàsì rẹ̀. Ìgbà tó gbé e sójú, ọ̀sán gangan di àṣálẹ́ fún un. Ó jáde bẹ́ẹ̀, ó ń táràrà lọ sídìí mọ́tò, àwọn èèyàn sì ń yà fún un bí ẹni tó ń gbé òkú kọjá.

"Gíríìlì lẹ máa kọ́kọ́ yọ," ni Rahmon ń ké láti òkè. "Eyín iwájú yẹn. Ẹ mú sukudíráfà pẹlẹbẹ, ẹ fi tẹ kílíìpù rẹ̀ lókè, ẹ fà á síwájú."

Kílíìpù àkọ́kọ́ dún bí igi gbígbẹ tó ṣẹ́. Fadékẹ́ fò sẹ́yìn, ó jókòó sínú ẹrẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó padà síbẹ̀. Nígbà tí gíríìlì kúrò, kò rí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ ju òkùnkùn lọ. Ó tú àwọn súkúrù tó wà lókè bọ́ńpà, ó ń di ìmí mú bó ṣe ń yí ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ó dà bíi pé ejò náà lè gbọ́ ìmí òun.

"Ó ku àwọn tó wà nínú ilé táyà," ni Rahmon wí. Ohùn tiẹ̀ náà ti ń rẹlẹ̀. "Ẹ yí sítiárì kí táyà lè yà sápá kan, kọ́wọ́ lè wọlé. Róbà dúdú kan wà níbẹ̀, súkúrù ló so ó mọ́ etí bọ́ńpà. Ọwọ́ lẹ máa fi wá a o, Aunty. Ojú ò lè tó o."

Ọ̀rọ̀ yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a dúró pátápátá. Kó na ọwọ́ síbi tí ojú ò tó. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá táyà, ọwọ́ rẹ̀ wà níta, kò wọlé. Nínú awò dúdú náà, ọwọ́ rẹ̀ dúdú lójú ara rẹ̀, ó wú gbọ̀ngbọ̀n nínú ìbọ̀wọ́, ó sì dà bí ọwọ́ tó ti rí rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́. Ó gbọ́ tí Bàbá Adékọ̀yà ń sọ pé, "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi, fi í sílẹ̀." Ó gbọ́ tí Damaris ń fi èdè àjèjì gbàdúrà lójú fèrèsé. Ìtọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan sọ̀kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ wọnú bàtà òjò, kò sì mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ó ti ọwọ́ bọ ibẹ̀. Ìbọ̀wọ́ náà nípọn jù. Kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín orí súkúrù àti ẹrẹ̀ gbígbẹ. Ó fa ọwọ́ jáde, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ó sì tún ti ọwọ́ lásán bọ ibẹ̀. Ó kan ẹrẹ̀. Ó kan náílọ́ọ̀nù. Ó kan nǹkan tútù kan tó rí róbótó, tó ń yọ̀. Páìpù omi ni. Lẹ́yìn náà ni ìka rẹ̀ bá súkúrù. Ó ń yí i, ó ń sunkún láìdún, omi ojú ń kún inú awò. Bó ṣe ṣe apá kan tán, ó tún ní láti lọ ṣe apá kejì.

Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ tú ti ìsàlẹ̀. Nígbà tó dìde, ẹrẹ̀ ti bò ó látòkè délẹ̀.

"Ó ti tán," ni Rahmon wí. "Ẹ di etí rẹ̀ mú, ẹ fà á síta. Á dún o, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Lẹ́yìn náà, ẹ fa gbogbo ẹ̀ síwájú."

Etí òsì dún kọ̀. Etí ọ̀tún dún kọ̀. Fadékẹ́ na apá méjèèjì di bọ́ńpà náà mú bí ẹni tó gbá èèyàn mọ́ra, ó fà á. Ó wá bí ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan, ó dúró gbọin. Láti ojú àlàfo náà ló ti rí i. Ó ká sórí irin gbọọrọ tó dábùú ẹ̀yìn bọ́ńpà, ó nípọn ju bó ṣe rò lọ, ó sì ti gbé orí. Ọrùn rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ tí èèyàn tẹ́. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Nǹkan tú fùú, awò rẹ̀ sì rin ṣìnkìn.

"Kò wá!" ló figbe ta. "Rahmon, kò wá! Kò wá!"

Rahmon fi ọwọ́ lé orí. "Waya! Waya iná ìsàlẹ̀! Yéè, mo gbàgbé!"

Àwọn iná kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ bọ́ńpà ni waya wọn ṣì so mọ́ ara ọkọ̀. Fadékẹ́ fẹ́ jù ú sílẹ̀ kó sá, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ìbẹ̀rù ti dì í mọ́ bọ́ńpà náà, àwọn ìka rẹ̀ ò ṣí mọ́. Ejò náà sì ń rìn bọ̀ lórí irin, ó ń bọ̀ lápá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tí kò sí ìbọ̀wọ́ wà. Ó ń wò ó tó ń bọ̀. Kò lè ké mọ́.

Ohun tó gbé Rahmon sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí fẹ́ǹsì, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń gbọ́ "Bisimilahi, Bisimilahi" lẹ́nu rẹ̀, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì bo ojú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò wọ bàtà, ó já lu ìdí mọ́tò, ó ti píláyà bọ abẹ́ bọ́ńpà, ó gé waya ọ̀tún, ó gé ti òsì. Bọ́ńpà náà jábọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Fadékẹ́ ṣubú sẹ́yìn tòun tiẹ̀, ejò náà sì bọ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé wọn.

Ilé ló dorí kọ. Tààrà, sí àtẹ̀gùn tí Fadékẹ́ jókòó sí lẹ́ẹ̀kan, bó tilẹ̀ dà bí ọjọ́ mìíràn lójú rẹ̀. Fadékẹ́ ò rò ó. Ó gbé bọ́ńpà náà sókè, ó là á mọ́ ejò náà lẹ́yìn, ó sì gun orí rẹ̀. Etí bọ́ńpà tẹ ejò mọ́lẹ̀ láàárín, orí rẹ̀ wà níta, ó ń já lu ike náà, pó, pó, pó. Bàbá Adékọ̀yà sáré dé. Ọ̀pá rẹ̀ àkọ́kọ́ ba bọ́ńpà, ó là á. Èkejì ba orí ejò. Ó tún nà án, ó tún nà án, títí àwọn géńdé fi ní, "Bàbá, ó ti tó."

Fadékẹ́ ò sọ̀kalẹ̀.

"Ó ti kú, Mummy Success," ni Rahmon wí. "Ẹ bọ́ sílẹ̀."

"Kò tíì kú. Ó ń mì lábẹ́ mi."

"Aunty, ẹsẹ̀ yín ló ń mì."

Damaris ló ṣílẹ̀kùn jáde nígbẹ̀yìn, ó wá dì í mú lábíyá bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, ó sì gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó fi omi wẹ̀ ẹ́, kò sọ ohun tó rí nínú bàtà òjò náà fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bọ́ọ̀sì èrò ni Fadékẹ́ fi kó àwọn ọmọ wálé.

Ìròyìn ti dé Owódé ṣáájú rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, Clara, ìyá Joanna, wá kí i. Ó mú mílíìkì àti Bournvita dání. Ó jókòó, ó dúpẹ́, ó dúpẹ́, ó ní Ọlọ́run á dá Mummy Success sí. Ó wo Passat tó dúró láìní ẹnu ní àgbàlá, ó wá bèèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé:

"Ṣé ọ̀kan ṣoṣo náà ni ṣá?"

Kò ní ibi lọ́kàn, ìyá ọmọ ni. Àmọ́ Fadékẹ́ ò sùn mọ́. Wọ́n máa ń sọ pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì pé ejò kì í rìn pọ̀, ejò kì í rìn pọ̀. Ọkàn rẹ̀ ò gbà. Lọ́jọ́ Sunday, bí wọ́n ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún wọ bàtà òjò. Kò pe Rahmon, kò pe Bàbá Adékọ̀yà. Ó ṣí bọ́ọ̀tì, ó tú àwọn súkúrù bọ́ńpà ẹ̀yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, waya ló kọ́kọ́ wá. Sukudíráfà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tó fa bọ́ńpà náà kúrò, ẹrẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti ẹja kékeré kan tó ti gbẹ. Ó fi igi tú ẹrẹ̀ náà wò tán kó tó jókòó sílẹ̀.

Ọkọ̀ tí kò ní bọ́ńpà níwájú, tí kò ní lẹ́yìn, ló fi ń kó ọmọ títí oṣù náà fi parí. Àwọn òbí kan rò pé jàm̀bá ló ní, wọ́n gba ọmọ wọn padà. Clara ò gba Joanna padà. Rahmon fi waya gbígbóná rán bọ́ńpà tó là náà bí ẹni rán igbá, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ń tì í. Ó fẹ́ bá a dè é, Fadékẹ́ ní kó gbé e sílẹ̀, òun máa dè é fúnra òun. Nígbà tí Bọ̀wálé dé láti Port Harcourt, ó wo ojú rírán náà fún ìgbà pípẹ́, ó sì wo ìyàwó rẹ̀.

Odò Ògùn tún kún láwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Bó bá ti fà, àwọn tó ní mọ́tò ládùúgbò á wá kan ilẹ̀kùn Fadékẹ́. "Mummy Success, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ bọ́ńpà wò." Kì í kọ̀. Á mú irinṣẹ́, á wọ bàtà òjò, á kúnlẹ̀ sídìí táyà. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n máa ń rò pé ó láyà.

Ní ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀, Success, tó ti ń dàgbà, dúró tì í bó ṣe ń ti ọwọ́ bọ inú ilé táyà mọ́tò onímọ́tò.

"Mummy, ṣé ẹ̀rù ò bà yín mọ́ ni?"

"Ẹ̀rù ń bà mí," ni Fadékẹ́ dáhùn, kò wo ẹ̀yìn. "Gbé ẹsẹ̀ ẹ kúrò níbẹ̀ yẹn."